Wọ́n ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Èmi ni agbè náà, mo sì ti fọ́

AgbèFífọ́ (Ìbàdàn), ọjọ́ Ajé, aago 11 kọjá lálẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, n kò kọ nǹkan kan rí. Ẹ fara balẹ̀ fún mi, ó lè gùn díẹ̀.

Oṣù Kẹta ni oyún mi pé oṣù mẹ́jọ. Lọ́jọ́ Ẹtì kan mo ṣàkíyèsí pé ọmọ ò mira mọ́. Mo mu omi tútù, mo fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn, mo kọrin fún un bí mo ṣe máa ń ṣe. Kò mira. Nígbà tí a dé ọsibítù, obìnrin tó ń yẹ̀ mí wò gbé ẹ̀rọ lé mi níkùn, ó gbé e síhìn-ín, ó gbé e sọ́hùn-ún, ó wá dákẹ́. Ẹni tó bá ti wà nínú yàrá yẹn rí mọ irú ìdákẹ́ tí mò ń wí. Mo rọbí bí gbogbo obìnrin ṣe ń rọbí, odindi ọjọ́ kan ó lé, mo sì bí ọmọ mi sínú yàrá tí igbe ọmọ kò ti dún. Ọkùnrin ni.

Wọn ò jẹ́ kí n gbé e. Ìyá ọkọ mi ní òbí kì í rí sàréè ọmọ, pé kí n kọjú sí ògiri. Àbúrò ọkọ mi ló gbé e lọ. Mi ò mọ ibi tí wọ́n sin ín sí títí di òní. Ní ọjọ́ kẹta, omi ọyàn dé. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń ro tó, tó, sára aṣọ, kò sí ẹnu tó máa mu ún.

Gbogbo ẹni tó wá kí wa, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lẹ́nu wọn: omi ló dànù, agbè ò fọ́. Mo ń ṣe àmín. Ìgbà tó di ẹni ogún, ẹni ọgbọ̀n, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi pé ta ló yẹ agbè yìí wò? Ta ló gbé e sókè sí oòrùn kó tó sọ pé kò fọ́?

Ti ọjà ńkọ́? Owó gbọ́mú-lé-láńtà ni mo fi kó àńkárá tí mo fẹ́ tà fún ọdún Àjíǹde. N kò lè débi ìsọ̀ fún oṣù méjì. Àwọn olówó èlé náà wá sílé, wọ́n jókòó sí pálọ̀, nígbà tó yá wọ́n gbé fíríìjì lọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ní àbíkú ni, ó yẹ kí wọ́n ti sàmì sí i lára kí wọ́n tó sin ín. Pásítọ̀ wa ní kí n yẹ ara mi wò, kí n wá ibi tí mo ti ṣílẹ̀kùn fún ọ̀tá. Mo wá a. Mo wá a títí, ẹ jọ̀ọ́. Mo ka gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ mi láti ìgbà tí mo wà ní pámárì.

Kì í ṣe pé n kò gba Ọlọ́run gbọ́ mọ́. Mo gbà pé Ó wà. Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn: Ó wà, Ó sì ń wò. Bí mo bá kúnlẹ̀ báyìí, ẹnu mi á pa dé ni. Ìbéèrè mi ò ju èyí lọ: ṣé ẹnì kan wà níbí tó ti fọ́ báyìí rí, tó sì padà rí Ọlọ́run níbẹ̀? Ìjẹ́rìí orí pẹpẹ kọ́ ni mò ń tọrọ o, irú èyí tó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ẹ bá mi yin Olúwa". Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an ni kí ẹ sọ fún mi.

ỌmọOoreọ̀fẹ́, 11:20 alẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́, arábìnrin mi. Ọlọ́run yóò rọ́pò rẹ̀ ní ìlọ́po méjì, a ó wá jẹ ìkómọ láìpẹ́ lágbára Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹnu ara yín sọ pé ẹ fọ́ o. Ikú àti ìyè ń bẹ ní ipá ahọ́n. Àlàáfíà ni kí ẹ máa wí, bí obìnrin ará Ṣúnémù inú Bíbélì nígbà tí ọmọ rẹ̀ kú. Àlàáfíà ni!

Sọ̀rọ̀sókè, 11:31 alẹ́

Ẹ wò ó, ohun tí obìnrin yìí ní kí ẹ má rọ́ lu òun náà lẹ rọ́ lù ú yìí. Wákàtí kan ò tíì pé.

Àǹtí, ẹ kúrò ní ìjọ yẹn. Ẹni tó rí ìyá tó sin ọmọ, tó jẹ́ pé ilẹ̀kùn tó ṣí ló ń wá kiri, èwo ni tiẹ̀? Nígbà tí ìsọ̀ bá ń lọ dáadáa, ìdámẹ́wàá dé, ẹ kú oríire. Nígbà tí nǹkan dàrú, ẹ̀bi dé. Ó ti sú mi.

Alábòójútó, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:05 àárọ̀

Mo ti yọ èsì méjì kúrò níbí. "Wòlíì" kan ló wá lẹ nọ́ńbà fóònù àti iye owó iṣẹ́ ìtúsílẹ̀ mọ́ abẹ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́fọ̀. Ẹ má ṣe irú ẹ̀ mọ́.

ÌyáẸlẹ́lùbọ́ (Ṣakí), 7:40 àárọ̀

(Èmi ọmọ rẹ̀ ni mò ń tẹ̀ ẹ́. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni mò ń kọ ọ́ o.)

Ọmọ mi, wọ́n parọ́ fún ọ. Ìkà kọ́ ni wọ́n, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Agbè máa ń fọ́. Ọmọ méje ni mo bí, mẹ́rin ló wà láyé. Bàbá wọn lọ sóko lọ́jọ́ kan ní ọdún 1998, wọ́n gbé e wálé nírọ̀lẹ́. Iṣu tó wà lórí ebè kò tíì tó wà nígbà yẹn. Nítorí náà má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ohun tó ṣe ọ́ kò ṣe ọ́.

Ìyá tó bí mi ní igbá ńlá kan tó fi ń bu èlùbọ́ lọ́jà. Ọmọdé ni mí, mo fi eré jókòó lé e, ó là sí méjì. Mo sá lọ sábẹ́ àká. Mo rò pé yóò nà mí, kò nà mí. Ó fi irin gbígbóná lu ihò sí etí igbá náà lápá méjèèjì, ó jókòó ti ìko, ó ń rán an pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Láti ọjọ́ yẹn igbá náà kò gba omi mọ́. Bí o bá bu ẹ̀kọ gbígbóná sí i, ilẹ̀ ló máa mu ún. Ṣùgbọ́n èlùbọ́ là ń tà. Ìyá mi lò ó títí ó fi papò dà, èmi náà ṣì ń lò ó. Bí iná ò bá sí, tí mo bá na ọwọ́ sínú yàrá èlùbọ́, ojú ìrán yẹn ni mo fi ń dá a mọ̀ láàárín àwọn yòókù.

O ní báwo la ṣe rí Ọlọ́run. Fún odindi ọdún kan lẹ́yìn ikú bàbá wọn, n kò kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo máa ń lọ, mo máa jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá, mo máa wálé. Obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa wá ń wá sílé mi ní gbogbo ọjọ́ Wẹ́sìdeè. Kò gbàdúrà fún mi rí. Kò ní kí n gba kámú rí. Ọ̀bẹ ló máa ń mú lọ́wọ́ wá. A máa jókòó ti iṣu, a máa bó o, a máa gé e, a máa bọ̀ ọ́, a máa sá a, ó máa ní ó dọ̀la o. Bí oṣù mẹ́jọ la fi ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo kàn gbọ́ ohùn ara mi, mò ń kùn orin lábẹ́ ètè. N kò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ó gbọ́ ọ, kò wí nǹkan kan, ó ń bó iṣu rẹ̀ lọ. Ìgbà tó lọ tán ni mo wá sọ pé, "Olúwa, àṣé Ìwọ lò ń wá bá mi bó iṣu láti ọjọ́ yìí."

Ọ̀rọ̀ tèmi nìyẹn. Ṣé o ti jẹun láàárọ̀ yìí?

AgbèFífọ́, 8:15 àárọ̀

Ẹ ṣé, Màmá. Mo ka tiyín lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú dáńfó. Mi ò tíì jẹun. Màá jẹun.

Agbẹ̀bíAlẹ́, 2:10 ọ̀sán

Agbẹ̀bí ni mí, ọdún kẹrìnlá mi nídìí iṣẹ́ yìí. Ẹ gbà mí láyè kí n sọ ohun díẹ̀ tó jẹ́ ti ara, nítorí ara àti ẹ̀mí kì í gbé ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Èkíní, ọmọ tó kú sínú lẹ́yìn oṣù méje tó mílíọ̀nù 1.9 lọ́dún kan káàkiri ayé. Àjọ UNICEF ló gbé ìṣirò yẹn jáde fún 2021. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára ohun tó ń fà á, àìsàn ibà àti kòkòrò àrùn wà níbẹ̀, kí ibi ọmọ má ṣiṣẹ́ bó ti yẹ wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà sì ni a kì í rí ìdí kankan, bí a ṣe wá a tó. Ilẹ̀kùn tí ìyá ṣí fún ọ̀tá kò sí nínú ìwé tí mo kà. Nígbà tí ẹ bá tún lóyún, ẹ sọ ìtàn yìí fún wọn ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ bá lọ forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n lè máa ṣọ́ yín dáadáa.

Èkejì ni mo fẹ́ kí ẹ dá mi lóhùn: ṣé ẹ ń sùn? Ṣé ohunkóhun ṣì ń dùn yín, bó ti wù kó kéré tó? Ṣé ó máa ń wá sí yín lọ́kàn pé ìbá dára bí ẹ ò bá jí mọ́? Bí àìlèsùn àti ìbànújẹ́ bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí kò sì dẹwọ́, ẹ lọ rí dókítà, ẹ sọ fún un bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún wa. Bí ti ìkẹta bá wà níbẹ̀, lónìí ni kí ẹ lọ, kí ẹ má dá lọ. Àìsàn ni, ó ní ìtọ́jú. Àìnígbàgbọ́ kọ́ rárá.

Mo máa ń rántí Èlíjà nínú 1 Àwọn Ọba orí 19. Wòlíì tó sọ iná kalẹ̀ ní orí 18 ni ó sùn sábẹ́ igi ní orí tó tẹ̀ lé e, tó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Áńgẹ́lì dé, kò wàásù. Ó fọwọ́ kàn án, ó ní dìde, jẹun. Àkàrà àti omi. Ó jẹ, ó tún sùn. Áńgẹ́lì tún padà wá, oúnjẹ náà ni lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀yìn gbogbo èyí ni Ọlọ́run tó wá bá a sọ̀rọ̀, ó sì tún jẹ́ ohùn jẹ́jẹ́. Bí mo bá ń gbé abọ́ tíì lọ bá ìyá tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí lóru, Èlíjà ni mo máa ń rò.

Alfa_Ìwó, 4:55 ìrọ̀lẹ́

Àsàlámù àlékúmù fún gbogbo ilé. Mùsùlùmí ni mí, ẹ jẹ́ kí èmi náà bá yín dá sí i, ọ̀fọ̀ kò mọ ẹlẹ́sìn.

Ànábì Yáàkúbù, nínú Súrà Yúsúfù, sunkún ọmọ rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi funfun. Àwọn ọmọ rẹ̀ yòókù ní o máa fi ìrántí rẹ̀ pa ara rẹ ni. Ó dá wọn lóhùn pé ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun nìkan lòun ń gbé ìbànújẹ́ òun lọ. Ẹ kíyè sí i o: kò sọ pé òun kò ní ìbànújẹ́. Ànábì wa Muhammadu náà, nígbà tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin Ibrahim kú ní ọmọ ọwọ́, omi dà lójú rẹ̀. Ó yà ẹnì kan lẹ́nu, ó sì bi í léèrè. Ó ní àánú ni, pé ojú ń sunkún, ọkàn ń bàjẹ́, a kò sì ní sọ àfi ohun tó wu Olúwa wa.

Nǹkan kan tún wà tí n kò mọ̀ bóyá ó máa wúlò fún yín. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sọ pé oyún tó bá ti pé oṣù mẹ́rin kó tó bọ́, ẹ̀mí ti wọ inú rẹ̀, ó sì dára kí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Ìyàwó mi pàdánù ọ̀kan ní oṣù kẹfà. A sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn ará ilé rò pé orí wa ti dàrú. Ṣùgbọ́n kí a tó ṣe é, "ọ̀rọ̀ yẹn" la máa ń pè é, "nǹkan tó ṣẹlẹ̀ yẹn". Lẹ́yìn ìgbà náà, ó di ọmọ wa.

Sáńgò_sí_Manchester, ọjọ́rú, 3:12 òru

Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe, ìtọ́jú àwọn arúgbó, gbogbo wọn ti sùn. Bàbá mi kú ní Sáńgò lọ́dún tó kọjá, àkókò tí ìwé ìgbélùú mi wà lọ́wọ́ àwọn ìjọba. Bí mo bá jáde, n kò ní lè wọlé mọ́. Orí fóònù ni mo ti wo ìsìnkú bàbá mi nínú yàrá ìpààrọ̀-aṣọ níbi iṣẹ́. Nẹ́tíwọọ̀kì já nígbà tí wọ́n ń da yẹ̀pẹ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọ́n bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ní "àlàáfíà ni".

Nítorí ọ̀rọ̀ ỌmọOoreọ̀fẹ́ lókè yẹn ni mo ṣe kọ èyí. Ẹ lọ tún obìnrin ará Ṣúnémù kà, 2 Àwọn Ọba orí 4. Ọkọ rẹ̀ àti Gehasi ló wí àlàáfíà ni fún. Ìránṣẹ́ ni Gehasi, ojú ọ̀nà ló ti pàdé rẹ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Èlíṣà fúnra rẹ̀, ó wólẹ̀, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó ní: ṣé mo tọrọ ọmọ lọ́wọ́ olúwa mi ni? Ṣé n kò ní kí o má tàn mí? Gehasi fẹ́ tì í kúrò, Èlíṣà ní fi í sílẹ̀, ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ nínú rẹ̀.

Ọmọ tirẹ̀ jí o, mo mọ̀. Bàbá mi ò jí. Ṣùgbọ́n kí ọmọ tó jí ló ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn, kò sì sẹ́ni tó bá a wí. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń dá Ọlọ́run lóhùn bíi pé Gehasi ni. Lọ́jọ́ tí mo sọ bó ṣe rí fún Un, nínú bọ́ọ̀sì, pẹ̀lú omi imú, ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ẹnì kan ń gbọ́.

ỌmọOoreọ̀fẹ́, 6:30 àárọ̀

Mo ka tiyín, bọ̀dá. Mo kọ́kọ́ bínú. Lẹ́yìn náà mo lọ ṣí Bíbélì, ó sì wà níbẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọdún kọkànlá nìyí tí mo ti ń wá ọmọ. N kò tíì lóyún rí. Bí mo ṣe ka ọ̀rọ̀ AgbèFífọ́ lálẹ́ ọjọ́ Ajé, àyà mi já, nítorí mo rí i pé ẹni tó tiẹ̀ ti débẹ̀ náà lè bọ́. Ìdí tí mo fi yára kọ àlàáfíà nìyẹn. Èmi ni mò ń wí i fún. Arábìnrin mi, ẹ dákun, ẹ forí jì mí.

AgbèFífọ́, 6:52 àárọ̀

Kò sí nǹkan kan láàárín wa rárá. Èmi náà ti sọ ọ́ fún àwọn ẹlòmíràn rí. Mo sọ omi-ló-dànù fún ọ̀rẹ́ mi kan ní 2019, mo sì jẹ ìrẹsì nílé wọn lẹ́yìn rẹ̀. Mo pè é láàárọ̀ yìí láti tọrọ àforíjì.

Agbẹ̀bíAlẹ́, mi ò sùn dáadáa láti ìgbà náà. Ti ìkẹta, ó máa ń wá nígbà mìíràn. Mo ti sọ fún ọkọ mi. Ọ̀la la fẹ́ lọ.

BàbáOlùkọ́ (Abẹ́òkúta), 10:00 àárọ̀

Ọmọ mi, o káre fún ìpinnu yẹn. Olùkọ́ ìtàn ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà ẹ fi ọ̀rọ̀ gígùn jì mí.

Gbogbo wa mọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther nínú fọ́tò, àgbà ọlọ́wọ̀ tó wọ aṣọ funfun. Ọmọ ọdún bí mẹ́tàlá tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821 ni mo fẹ́ kí a wò. Wọ́n fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. Ọwọ́ dé ọwọ́ ni wọ́n ń tà á títí ó fi dé Èkó. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ nínú lẹ́tà kan ní 1837 pé lójú ọ̀nà, òun gbìyànjú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láti pa ara òun. Bíṣọ́ọ̀bù wa ni mò ń wí o. Ní oṣù Kẹrin 1822 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ Potogí tí wọ́n kó wọn sí, wọ́n sì gbé wọn lọ sí Sàró.

Ó padà wá sí Abẹ́òkúta níbí ní 1846. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ, ìyá rẹ̀ wá a wá. Ọdún márùn-ún-lé-lógún! Òun náà ti wọ oko ẹrú rí, wọ́n ti rà á padà. Crowther kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ pé nígbà tí ìyá òun rí òun, ara rẹ̀ gbọ̀n, àwọn di ara àwọn mú, àwọn ń wo ara àwọn láìsọ̀rọ̀, omi ń dà lẹ́rẹ̀kẹ́ ìyá náà. Ẹsẹ Bíbélì ọjọ́ yẹn nínú kàlẹ́ńdà rẹ̀ ni pé Ọlọ́run ni olùrànlọ́wọ́ aláìníbaba. Ó ní agbára ẹsẹ náà kò yé òun tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ohun tí mo fẹ́ kí o kíyè sí ni ìdákẹ́ yẹn. O ní bí o bá kúnlẹ̀, ẹnu rẹ á pa dé. Ènìyàn méjì tó mọ ara wọn lè wà níwájú ara wọn láìsọ̀rọ̀. Hánà náà, ètè rẹ̀ nìkan ló ń mì nínú tẹ́ńpìlì, ohùn ò jáde. Élì àlùfáà rò pé ó ti mutí yó ni. Àlùfáà lè ṣi ènìyàn mọ̀, ó ti wà tipẹ́.

Sọ̀rọ̀sókè, 10:41 àárọ̀

Bàbá, ẹ ò parí ìtàn náà, sà. Nígbà tó dàgbà, àwọn òyìnbó tó kéré sí i lọ́jọ́ orí bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìdí rẹ̀ wò. Ní Onitsha, 1890, níbi ìpàdé ìgbìmọ̀ kan tí Crowther náà wà nínú rẹ̀, wọ́n dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró lójú rẹ̀, wọ́n fi ẹni ọgọ́rin ọdún wọ́lẹ̀. Ó kọ̀wé fi ìgbìmọ̀ yẹn sílẹ̀. Kò lo ọdún méjì sí i, ó kú ní ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ọdún 1891. Bẹ́ẹ̀ ni ìtàn ṣe ń parí. Ìdí nìyẹn tí n kò fi fẹ́ràn ìtàn ìrètí, a kàn máa ń gé e síbi tó dùn ni.

BàbáOlùkọ́, 1:25 ọ̀sán

O mú mi, ọ̀dọ́mọkùnrin. Òótọ́ lo sọ. Mo gé e síbi tó dùn nítorí pé mò ń bá ọlọ́fọ̀ sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún tìẹ. Bíbélì Yorùbá odindi tó jáde ní 1884, Crowther àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ló wà nídìí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé Orin Dáfídì 34 ẹsẹ 18, níbi tó ti ní Olúwa wà nítòsí irú àwọn ènìyàn kan, wọ́n ní láti wá ọ̀rọ̀ fún irú ènìyàn bẹ́ẹ̀. "Oníròbìnújẹ́ ọkàn" ni wọ́n fi síbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n fi ra ẹṣin wà lára àwọn tó fún wa ní ọ̀rọ̀ yẹn. Ohun tí wọ́n ṣe sí i ní Onitsha kò pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. N kò sọ pé ọ̀kan san ìkejì o. Ó dùn ún, ó sì kú pẹ̀lú rẹ̀.

Wàyí o, Orin Dáfídì 88 wà níbẹ̀ tí kò níbi tó dùn rárá. Òkùnkùn ló fi parí. Wọn kò yọ ọ́ kúrò nínú Bíbélì, wọn kò sì wá ẹsẹ ayọ̀ lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Ìwọ gan-an ló yẹ kí o lọ kà á.

Sọ̀rọ̀sókè, 9:50 alẹ́

Mo kà á. Hmm.

Ẹ̀gbọ́n mi ló kú ní 2020. Òun ló rán mi níléèwé. Mi ò fẹ́ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé irú nǹkan báyìí wà nínú Bíbélì, pé èèyàn lè bínú dé bẹ́ẹ̀ kí ó sì ṣì máa pe Ọlọ́run ní Ìwọ.

AgbèFífọ́, ọjọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ kejì, 8:30 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi.

A lọ rí dókítà. Obìnrin ni, kò kánjú. Oògùn wà tí mò ń lò, mo sì ń lọ bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ méjì méjì. Mo ti sùn fún wákàtí márùn-ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Gbèsè ṣì wà. Pásítọ̀ pè, n kò tíì gbé e.

Mo bi ọkọ mi léèrè ibi tí wọ́n sin ín sí. Ó pẹ́ kó tó dáhùn. Ó ní wọn ò sọ fún òun náà, òun náà ò sì lè béèrè nítorí pé wọ́n ní ọkùnrin ni òun. Láti oṣù Kẹta! Mo rò pé ó ti gbàgbé ni. A jọ pe àbúrò rẹ̀. Ẹ̀yìn ilé àwọn bàbá wọn ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ọsàn. Àwa méjèèjì lọ lánàá, a kò sọ fún ìyá rẹ̀.

N kò lè sọ fún yín pé mo gbọ́ ohùn kan. Mo bínú níbẹ̀. Mo sọ fún Ọlọ́run pé, "Ó yẹ kí O ti jẹ́ kí n gbé e." Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo bá A sọ láti oṣù Kẹta nìyẹn. Ọkọ mi ṣe àmín. Kò tiẹ̀ bá ibẹ̀ mu, mo bú sẹ́rìn-ín, ẹkún sì tún dé lẹ́yìn ẹ̀rín. Ó pẹ́ díẹ̀ kí a tó dìde. Nígbà tí a ń bọ̀, mo rí i pé mò ń sọ ìyókù fún Un nínú ọkọ̀ láìkúnlẹ̀.

Alfa Ìwó, ẹ ṣé. A sọ ọ́ lórúkọ. Oyin àti iyọ̀ nìkan la rí rà, a fi tọ́ ara wa lẹ́nu wò. N kò ní kọ orúkọ náà síbí, tiwa ni.

Alfa_Ìwó, 8:44 alẹ́

Ẹ kú orúkọ. Ọlọ́hun yóò fọ̀ràn mọ fún yín. Ẹ kí bàbá rẹ̀.

ÌyáẸlẹ́lùbọ́, 9:15 alẹ́

(Ó ní kí n kà á fún òun lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti nu ojú. Ó ní kí n kọ èyí.)

Ìyá ọmọ, ẹ kú orúkọ o. Mò ń gbé èlùbọ́ bọ̀ ní Bódìjà lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè. Fi ibi tí ilé rẹ wà ránṣẹ́ sí ọmọ mi ní kọ̀rọ̀. Màá gbé iṣu dání. Ìwọ wá ọ̀bẹ méjì.